Ṣímí fún Omi Tútù

"Ẹ fi ọ̀rá wé ẹsẹ̀ kí ẹ tó tì í bọ inú rẹ̀," ni Tẹniọlá wí fún ọkùnrin tó ń bá aṣọ rọ́bà jà lórí àga.

Ọkùnrin náà ti làágùn gidi. Aṣọ náà ti há sí i ní orúnkún, kò lọ sókè, kò sì padà sísàlẹ̀. Tẹniọlá kúnlẹ̀, ó bọ́ ọ kúrò, ó fi ọ̀rá búrẹ́dì wé ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọmọ ìka dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì tún fà á sókè. Lọ́tẹ̀ yìí rọ́bà náà yọ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Ó fà á ní ìbàdí, ó fà á ní abíyá, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn orúnkún wò bóyá ó ká jọ síbì kan.

"Kò gbọ́dọ̀ láyè rárá," ó ní. "Omi díẹ̀ máa wọlé, ara yín á sì mú un gbóná. Omi gbígbóná yẹn gan-an ni aṣọ yín. Tí rọ́bà bá láyè, tí omi tuntun ń wọlé tí ti àkọ́kọ́ ń jáde, ìhòòhò lẹ wà."

"Ṣímí lẹ fún mi yìí?"

"Ṣímí ni Pátákó ní kí n fún yín."

Àwọn méjèèjì gbójú sókè. Pátákó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ọgbà, ó ń tàn lókè ògiri Ilé Aṣọ. Ọgbọ̀n ni ó kọ fún ìgbóná omi, ó sì ya àwòrán Ṣímí, aṣọ rọ́bà fẹ́lẹ́ kan tí apá rẹ̀ kò dé ìgúnpá, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Búláòsì, tó nípọn díẹ̀ jù ú lọ, àti Kóòtù, tó nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tó sì ní fìlà àti ìbọ̀wọ́, fi kọ́ sẹ́yìn Tẹniọlá láìsí ẹni tó ń bèèrè wọn. Gbólóhùn kan wà ní ìsàlẹ̀ Pátákó tí kì í yí padà: OHUN TÍ PÁTÁKÓ BÁ SỌ NI OMI JẸ́.

Ní ẹnu ọ̀nà, ìyá kan tó gbá àpótí ike funfun mọ́ àyà ń dúró níwájú ẹ̀rọ Aṣàyẹ̀wò. Omi ṣì ń ro láti ara àpótí náà. Ẹ̀rọ gún ìyá náà ní àtàǹpàkò, ó na abẹ́rẹ́ gígùn kan wọ inú àpótí, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fọhùn.

"Ọmọ òkú inú àpótí ni. Ilẹ̀ wà."

Ìyá náà bú sẹ́kún. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò mú nǹkan kan bọ̀ láti inú omi. Ó kàn na àtàǹpàkò sí i pẹ̀lú ìrètí, ẹ̀rọ sì dá a lóhùn kíákíá: "Kò sí egungun, kò sí ilẹ̀." Ó yí padà, ó ń lọ sí ọ̀nà àwọn ilé orí omi, níbi tí àwọn tí kò ní ilẹ̀ ń gbé.

Bí ayé ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí òkun ti gba ìlú Orí-Ìyanrìn. Ìwé ilẹ̀ bá omi lọ, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ìlú sì pọ̀ ju àwọn ọmọ ìlú lọ. Àwọn ará òkè wá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, kó lọ gbé egungun òkú ìdílé rẹ̀ jáde lábẹ́ omi fúnra rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbé e jáde ló ni ilẹ̀.

Ẹ̀rọ agbóhùnsókè han: "Agboolé Ẹ̀híndẹ̀rọ̀, Ìsàlẹ̀-Odò. Ẹni tí yóò wọ omi, Orímisàn, ọmọkùnrin. Tí kò bá ṣeé ṣe fún un, Tẹniọlá, ọmọbìnrin. Ọjọ́ ìkẹyìn nìyí fún Ìsàlẹ̀-Odò."

Tẹniọlá ti mọ̀ láti òwúrọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Ilé-iṣẹ́ Atutù yóò tẹ́ kọnkéré bo gbogbo Ìsàlẹ̀-Odò kí páìpù wọn lè gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ni wọ́n ń fa omi tútù láti ọ̀gbun òkun láti fi pa ooru àwọn ẹ̀rọ ńláńlá wọn tó wà ní etíkun. Àwọn náà ló ni Pátákó àti Ilé Aṣọ.

Orímisàn wọlé, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Bàbá kan náà ló bí Orímisàn àti Tẹniọlá, ìyá wọn ló yàtọ̀. Ọjọ́ tí òkun ya wọ ìlú, bàbá wọn ti kú, ọwọ́ Ìyá Orímisàn ni ọkọ̀ ojú omi ilé wà. Ó kó àwọn ọmọ tirẹ̀ sínú rẹ̀, ó mú Tẹniọlá náà, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìyá Tẹniọlá, ó ní ọkọ̀ ti kún. Orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi obìnrin náà sí pẹ̀lú ìlérí pé wọ́n ń padà bọ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ṣọ́ọ̀ṣì kò sí níbẹ̀ mọ́. Tẹniọlá kò ní egungun ìyá kankan tó lè wá. Bàbá nìkan ló kù.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ó ní.

"Káàárọ̀, Tẹni." Obìnrin náà kò wo ojú rẹ̀. Etí ló ń wò, ẹ̀rọ kékeré bí ife tí wọ́n kàn mọ́ òkè dígí, tí iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára rẹ̀. Gbogbo yàrá ìwọṣọ ló ní Etí. Òṣìṣẹ́ tó bá sọ nípa omi ohun tí Pátákó kò sọ, iná náà á pọ́n, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

"Àǹtí, ẹ ṣe kíá," ni Orímisàn wí. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀.

Tẹniọlá mú Ṣímí lórí ìkọ́. Ó ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Odò. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn tó lọ síbẹ̀ ti ń padà bọ̀ ní ọwọ́ òfo, ètè wọn dúdú, eyín wọn ń gbá ara wọn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń jó lókè. Nígbà tó bá yí aṣọ wọn sóde láti fọ̀ ọ́, omi tó ń dà sí i lẹ́sẹ̀ tutù débi pé á fò sẹ́yìn. Omi tí Atutù ń lò tán ni wọ́n ń dà nù síbẹ̀. Omi tútù wúwo, ó ń rì, ó sì lọ jókòó sí ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú ìlú, níbi tí agboolé wọn wà. Pátákó ń wọn òkè omi nìkan.

Kò ní láti ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń ká a lára nìyẹn. Kò ní láti purọ́, kò ní láti gé okùn ẹnikẹ́ni. Òfin gan-an ló ní kó fún ọmọ yìí ní Ṣímí. Kó kàn dákẹ́ ni. Ọwọ́ Orímisàn á kú sí i lára, á gòkè wá láìmú nǹkan kan, á sì kan òun. Òun mọ aṣọ tó yẹ kóun wọ̀. Kó tó di alẹ́, Aṣàyẹ̀wò á ti sọ fún òun pé ilẹ̀ wà.

Ó wé ọ̀rá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó fa aṣọ náà gòkè, ó fà á ní èjìká. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn, Orímisàn gbé àgbọ̀n sókè fúnra rẹ̀, ó sì di ojú pọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn nígbà tó wà ní kékeré, tí Tẹniọlá ń wẹ̀ fún un lẹ́yìn ilé, tó ń bẹ̀rù kí ọṣẹ má kó sí i lójú.

Ọwọ́ Tẹniọlá dúró. Ó bú èébú sí ara rẹ̀ nínú. Ó wá na ọwọ́ sínú ọpọ́n ìfọṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yọ aṣọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti Ìsàlẹ̀-Odò, ó sì gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀.

Orímisàn ta gìrì. "Kí lẹ fi sí i?"

Tẹniọlá nawọ́ sí ìsàlẹ̀, ó tún nawọ́ sí Kóòtù lórí ìkọ́.

"Yìnyín ló fi sí i," ni ìyá rẹ̀ wí. "Má dá a lóhùn. Kóòtù! Nínú oòrùn yìí, nínú omi gbígbóná! O ò rántí ọmọ Ládélé tó wọ Kóòtù níjọ́sí, tó dákú sínú ọkọ̀ kó tó kan omi? Ohun tó ń wá fún ọ nìyẹn."

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Kóòtù nínú omi gbígbóná lè pa ènìyàn bí omi tútù ṣe lè pa á. Tẹniọlá gbójú wo Etí, ó sì là á mọ́lẹ̀.

"Omi méjì ló wà níbẹ̀, Orímisàn. Èyí tó wà lókè gbóná, o máa kọjá nínú rẹ̀ kíá. Èyí tó wà nísàlẹ̀ tutù bíi fíríìjì, inú ẹ̀ sì lo ti máa ṣiṣẹ́. Tó o bá wọ Kóòtù, máa bu omi sára nínú ọkọ̀ kí ooru má mú ọ, kó o sì tètè wọlẹ̀. Nínú Ṣímí, ọwọ́ rẹ kò ní lè tú nọ́ọ̀tì tó de àpótí Bàbá mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

Iná Etí pọ́n. Agogo kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún níta.

Orímisàn wo iná náà, ó wo àǹtí rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan, ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Ẹ gbà kí iṣẹ́ yín bọ́ torí ẹ̀? Ilẹ̀ yìí mà dùn lọ́kàn yín o, Àǹtí."

"Kí ni mo máa rí nínú kí o wọ aṣọ tó tọ́?"

"Ohun tí ẹ máa rí ni kí n dákú sínú ọkọ̀ kó sì kàn yín. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ ohun tí ẹ fi sínú láti ọjọ́ ọkọ̀ yẹn ni? Ká ní èmi ni, mi ò lè gbàgbé. Ẹ fún mi ní ohun tí Pátákó sọ."

Ọ̀gá Adégbulú, alábòójútó Ilé Aṣọ, ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó na ọwọ́, Tẹniọlá sì tú kọ́kọ́rọ́ ní ìbàdí lé e lọ́wọ́.

"Parí ìwọṣọ rẹ̀ kí o tó lọ," ó ní. "Ṣímí."

Tẹniọlá parí rẹ̀. Ó fà á le, ó tẹ ọrùn mọ́ra, ó wo abíyá, ó wo ẹ̀yìn orúnkún, kò fi àyè ìka kan sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé aṣọ fẹ́lẹ́ ló máa wọ̀ lọ, kó há mọ́ ọn débi tí ó lè há mọ́ èèyàn dé. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé Kóòtù kan lórí ìkọ́, ó gbé e lé èjìká.

"Tèmi nìyí," ó ní. "Èmi ló kàn."

Adégbulú wò ó. "Ẹ jẹ́ kó gbé e. Kó lọ máa sè nínú rẹ̀."

Nínú ọkọ̀, atukọ̀ ka òfin omi sí wọn létí. Ìyá Orímisàn jókòó síwájú, Tẹniọlá jókòó sẹ́yìn nínú rọ́bà dúdú náà, ó ń fi abọ́ bu omi òkun da sí àyà àti orí rẹ̀. Síbẹ̀ ooru ń gùn ún, ojú rẹ̀ ń ṣú, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì. Atukọ̀ so okùn mọ́ Orímisàn ní ìbàdí, ó gbé ìgò èémí kọ́ ọ lẹ́yìn, ó fi sípánà sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà bẹ́ sómi. Ara tù ú bó ṣe kan omi, wọ́n rí i. Ó gbójú sókè sí ìyá rẹ̀, ó ṣe àmì pé ó dára, ó sì rì lọ.

Wọ́n dúró. Okùn ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó tún lọ. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ kan, kò lọ mọ́. Atukọ̀ fà á, kò wá. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó ti há síbì kan," ó ní.

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni," ni Ìyá Orímisàn wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Fèrè ọkọ̀ aṣọ́bodè dún láti òkèèrè. Ẹni àkọ́kọ́ ti lo àkókò rẹ̀ tán. Tẹniọlá gbé ìgò èémí àti ọ̀bẹ kọ́ra, ó fa fìlà rọ́bà bo orí, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì ju ara rẹ̀ sómi.

Omi òkè gbóná bí omi ìwẹ̀ ọlọ́jòjò. Ó gba inú rẹ̀ kọjá kíá, ó ń tẹ̀ lé okùn. Òrùlé ilé àwọn aládùúgbò kọjá lábẹ́ rẹ̀, igi àgbọn tí kò ní ewé mọ́, ìdajì ògiri ilé ìwé. Lójijì ló dé ibi tí omi ń gbọ̀n bí afẹ́fẹ́ lókè iná, tó dà bíi pé ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀. Ó kọjá sínú rẹ̀. Òtútù gbá a ní ojú bí àbàrá. Ó rọra wọ inú aṣọ níbi ọrùn, ó rìn lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí okùn tín-ín-rín, lẹ́yìn náà ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó bá Orímisàn nínú àgbàlá wọn. Okùn rẹ̀ ti lọ́ mọ́ òpó. Ó kúnlẹ̀ lórí sàréè bàbá wọn, ó ti yí ọmọrí rẹ̀ kúrò, àpótí ike funfun tí wọ́n kó egungun rẹ̀ sí sì hàn nínú ihò, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n mọ̀ pé òkun ń bọ̀. Ó ti tú gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Sípánà ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti ká jọ mọ́ òrùka àpótí náà bí ìka òkú. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó dé. Afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde lẹ́nu rẹ̀ ti ń pẹ́ kó tó tún jáde.

Tẹniọlá mú sípánà. Ọwọ́ tirẹ̀ gbóná nínú ìbọ̀wọ́. Ó gbé e lé nọ́ọ̀tì tó kù, ó tì í, nọ́ọ̀tì náà sì yí. Ó tún tì í. Ó ń yí. Díẹ̀ ló kù. Àpótí náà kéré, òun lè gbé e. Wọ́n ti sọ fún un nínú ọkọ̀ pé kò ju ohun kan lọ tí ènìyàn lè gbé gba àárín òtútù yẹn gòkè, ẹni tó bá sì ti gòkè kò tún wọlẹ̀ mọ́.

Ó dúró de afẹ́fẹ́ ẹnu Orímisàn. Kò jáde. Ó tún dúró. Kò jáde.

Ó sọ sípánà nù. Ó gé okùn lára òpó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ìka náà kúrò lára òrùka, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò fẹ́ tú. Kódà nínú ipò yẹn ọmọ náà ń bá a jà. Nígbà tí ìka tó kẹ́yìn tú, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá omi gòkè, kò wo ẹ̀yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láti fèrèsé yàrá ìtọ́jú, wọ́n ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ Atutù tó ń da kọnkéré. Orímisàn sùn sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì púpọ̀. Nọ́ọ̀sì sọ pé yóò yè, pé kìkì ìka rẹ̀ mélòó kan ló ṣeé ṣe kó má jí mọ́. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Tẹniọlá dúró lẹ́bàá ògiri.

"Àǹtí," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ. "Ṣé ẹ rí àpótí Bàbá?"

"Mo rí i."

"Nọ́ọ̀tì kan ló kù."

"Mo mọ̀."

Orímisàn yí orí sí i. "Kí ló dé tí ẹ fi í sílẹ̀?"

Tẹniọlá rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó dúró bóyá ó máa fi nǹkan mìíràn kún un, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń retí èsì ni.

"Ọwọ́ méjì péré ni mo ní," ó ní.

Adégbulú wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́. Ó kí wọn jẹ́jẹ́, ó fa àga, ó sì bá Orímisàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ dùn wá. Tó bá jẹ́ pé àṣìṣe òṣìṣẹ́ wa ló fà á, Ilé-iṣẹ́ á fún ọ ní ilẹ̀ láti fi bẹ̀ ọ́. Ilẹ̀ tó dára. Tó bá jẹ́ pé o ní omi ló fà á," ó mi orí, "a ò mọ ohun tí a lè ṣe sí ìyẹn. Pátákó ti sọ ohun tí omi jẹ́. Nítorí náà, mò ń bi ọ́. Ta ló fi aṣọ wọ̀ ọ́?"

"Àǹtí mi ni."

"Ṣé ó há mọ́ ọ lára, àbí ó láyè?"

Ìyá Orímisàn fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Tẹniọlá ń wo Orímisàn lójú. Ó fẹ́ kó kàn wo òun lẹ́ẹ̀kan péré kó tó dáhùn. Òkè àjà ni ọmọ náà ń wò.

"Ó láyè, sà."

"Níbo?"

"Níbi ọrùn."

Adégbulú dúpẹ́, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó jáde. Ọ̀rọ̀ ti tán.

Tẹniọlá mú báàgì rẹ̀. Ó ti rìn dé ìdí afárá onígi tí wọ́n ń gbà lọ sí ilé orí omi nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Orímisàn ni, ó ń mí hẹlẹ, ó di ìborùn rẹ̀ mú. Ó dúró ní ọ̀ọ́kán, kò sún mọ́ ọn.

"Tẹni, gbọ́. Ọmọdé ni. Ó fẹ́ níbi tó máa gbé orí rẹ̀ lé." Ó wo ilẹ̀, ó tún gbójú sókè. "Wọ́n ní ilẹ̀ náà fẹ̀. Tí a bá kọ́lé tán, yàrá kan á wà lẹ́yìnkùlé. O lè wá máa gbé níbẹ̀. Mi ò ní lé ọ."

Tẹniọlá la ẹnu láti sọ gbogbo ohun tó ti wà níkùn rẹ̀ láti ọjọ́ tí òkun ti wọ ìlú. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló dúró níwájú rẹ̀, ìyàwó bàbá rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n sì kọ́ ọ kò jẹ́ kó dúró rò ó. Orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti sọ̀rọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́.

"Ẹ ṣé, mà," ó ní.

Ó rìn gba orí afárá lọ. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà, ọpẹ́ tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde yẹn ló dùn ún wọra jù.